Ta Ló Jìnnà sí Ta? Àwọn Ohun Ìyanu Òkè-Ògùn

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ tó máa pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀, tó sì máa yà yín lẹ́nu, nípa ìhà àríwá ìpínlẹ̀ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí pé wọn kò ní kí n wá sọ ti òṣèlú. Bó bá jẹ́ ti òṣèlú ni, ọ̀rọ̀ kì í tán bọ̀rọ̀ lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn yìí.

Òkè-Ògùn ni mo ń wí. Ẹ mọ̀ ọ́n: Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ìgànná, Àgọ́-Àrẹ̀, Tedé, Ṣakí, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, títí dé Kìṣí tó bá Ìpínlẹ̀ Kwara pààlà. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 10 ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n ṣáà gbé òṣìṣẹ́ ìjọba kan kúrò ní Sẹkitéríàtì lọ sí Kìṣí, ẹ ó rí bí àwọn ẹbí yóò ṣe máa wá kí i bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Ó mà jìnnà o," ni wọ́n á máa wí. Èmi a sì fẹ́ bi wọ́n pé: ó jìnnà sí ibo?

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Láyé àtijọ́, ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan tó jẹ́ pé apá ọ̀hún ni ojú ayé Yorùbá wà, tí ibi tí a jókòó sí yìí sì jẹ́ igbó tí ẹnikẹ́ni láàfin kì í ronú kàn. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn wà lọ́kàn yín bí mo ṣe ń sọ àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ ká ti inú abọ́ bẹ̀rẹ̀. Àmàlà tí ọ̀pọ̀ nínú yín jẹ lọ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Òkè-Ògùn ló ti wá. Ẹ dúró níwájú ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, kí ẹ tó béèrè iye tí kóńgò kan jẹ́, wọ́n ti dárúkọ Ṣakí fún yín. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, yóò sùn síbẹ̀ mọ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n á sá a sóòrùn lórí àpáta títí yóò fi gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọ̀kan lu èkejì, yóò máa dún. Òun ni gbodo, tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Bí àwa kò bá ṣe é tó bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, kì í ṣe pé a ya ọ̀lẹ. Ilẹ̀ tiwa lọ́rinrin. Kí gbodo tó gbẹ, ó ti bu. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, Kìṣí ló máa ń kọ́kọ́ dé kó tó kan Mọ́kọlá níbí, ó sì máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Oòrùn àti ọyẹ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ èlùbọ́ wọn, owó iná kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ tún wo ti àwọ̀ dúdú àmàlà, tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń ṣe àlàyé rẹ̀ títí ẹnu wọn á fi bó: èròjà kan wà nínú iṣu tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án lẹ́yìn tí wọ́n bó o, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Bó ṣe ń gbẹ ló ń dúdú sí i.

Òrí tí ẹ fi ń pa ọmọ ìkókó lára, ọ̀hún náà ni. Igi emi kì í fẹ́ igbó dúdú. Ọ̀dàn ló ń gbé. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, nítorí náà ẹni tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín kò wọ́pọ̀. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe ni pé, bó bá ń ṣán oko, yóò yẹ àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún èyí tó bá bá níbẹ̀. Gbogbo òrí tó wà nínú ìṣà ní Ọjà'ba, igi tí baba ẹnì kan kò gé ló so ó.

Láti orí oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí aṣọ. Ní Ọjà Ọ̀jẹ́ tí kò jìnnà síbí, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè, àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn sì wà lára àwọn tó ń kó ẹrù wá. Ẹ ti rí wọn nídìí òfì: ọ̀já aṣọ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kọ̀ tó ń sáré láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ọwọ́ òsì, òwú gígùn tó nà sílẹ̀ níwájú pẹ̀lú òkúta tí wọ́n gbé lé ìparí rẹ̀ kó má baà dẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ ẹtù, sányán àti àlàárì lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí méjì nínú wọn ti wá. Sányán, inú igbó wa níbí ni: kòkòrò ẹgàn kan ló ń hun ilé tó ń gbé sára igi, wọ́n á já ilé yẹn, wọ́n á sè é, wọ́n á ran òwú rẹ̀. Àlàárì ní tirẹ̀, láti ìlú òkèèrè ni. Òwú sẹ́dà pupa tí wọ́n ń lò sí i láyé àtijọ́, láti etí òkun Tripoli ni ràkúnmí ti ń gbé e gba inú Sàhárà kọjá wá sí Kano, kó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ wa. Ẹ rò ó wò. Nígbà tí ẹrù láti òkè òkun ń gba inú aṣálẹ̀ wọlé, Òkè-Ògùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àwa la wà ní kọ̀rọ̀ ilé.

Kí ló wá yí i padà? Ọ̀pọ̀ nǹkan ni, ogun sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, n ó na ìka sí reluwé. Ní 1901 ni ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, apá ìlà-oòrùn ló gbà, ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, ó gba Ìlọrin, ó lọ bá odò Ọya ní Jẹ́bà. Kò ya Ìṣẹ́yìn, kò ya Ṣakí. Ibi tí ojú irin kò gbà, kátàkárà á kẹ̀yìn sí i. Ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò sún rárá, ọ̀nà ló kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òkìkí apá ibẹ̀ tún kàn, ṣùgbọ́n òkìkí ìjà ni. Ní 1916, Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba tí Captain Ross, ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, gbé kalẹ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n kó sójà lọ bá wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Òkèhò kó kúrò ní ibùdó wọn àtijọ́ láàárín òkè wá sí ilẹ̀ tí ẹ ń rí lónìí, torí ìjọba fẹ́ kí ìlú wà níbi tí ojú òun máa tó o. Ahoro Òkèhò ṣì wà lọ́hùn-ún.

Omi náà ń kọ́? Àwọn òkè ẹ̀bá Ṣakí ni odò Ògùn ti sun wá. Ó rin nǹkan bí kìlómítà 480, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì já sí ọ̀sà Èkó. Ní Akute, kó tó dé ọ̀sà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ omi Adíyán tó ń pín in fún Èkó. Ará Èkó tó bá ń bú ẹnì kan pé ará oko Ṣakí ni, kó rántí omi tó fi fọ ẹnu láàárọ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí ó lè fún àgbẹ̀ lómi, kó sì pèsè iná mànàmáná. Omi ti kún adágún náà tipẹ́, apẹja ń jẹ níbẹ̀. Ní ti iná, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jù.

Níwọ̀n bí a ti dé Ìṣẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká yà sí Adó-Àwáyé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí léèrè. Òkè ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú náà, adágún omi sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyákẹ̀. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ní ó wà níbi tí wọ́n ti ń gun òkè. Èmi kò bá wọn jiyàn. Nígbà tí àyà bá ń lù kìkì bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka nǹkan kan. Lókè ni òkúta Ìsàgé wà, ńlá bí ilé, tó dúró sórí eteetí ara rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra gbé e kalẹ̀ ni. Àwọn ihò kan wà lára àpáta tó dà bí ipa ẹsẹ̀, omi máa ń dúró sínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá rí Ìyákẹ̀, koríko yí i ká, omi rẹ̀ dákẹ́. Àwọn ará ìlú ní kì í gbẹ, wọ́n sì ní kò nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti lọ wò ó. Orí òkè yìí gan-an ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé láyé ogun, kí ọkàn wọn tó balẹ̀ tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ ọ́ pé adágún orí òkè irú èyí kò ju méjì lọ láyé, pé ọ̀kan wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, èkejì ni Ìyákẹ̀. Lóòótọ́ ni adágún kan wà ní Colorado, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gun gbogbo òkè ayé tán ló lè sọ pé méjì péré ni. Ìyákẹ̀ kò nílò irọ́ kó tó lẹ́wà.

Mo fẹ́ lo àkókò díẹ̀ ní Ìgbòho, nítorí ìtàn tó wà níbẹ̀ dùn ju gbogbo fíìmù tí ẹ ń wò lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́. Aláàfin Ọnígbogí sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Nígbà tó yá, àwọn ìran rẹ̀ tẹ Ìgbòho dó, wọ́n sì fi í ṣe olú-ìlú. Aláàfin mẹ́rin ni ibojì wọn wà níbẹ̀ títí dòní, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Ọba: Òfinràn, Egúngúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé.

Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ yìí, ẹ dúró lé e lórí. Ọkùnrin ni Samuel Johnson kọ ọ́ sí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn ará Ìgbòho ní obìnrin ni, àbúrò Egúngúnojú. Nígbà tí òpìtàn òyìnbó kan, Robert Smith, lọ bi wọ́n léèrè fún àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde ní 1965, ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn, kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó ń tọ́jú ibojì ló yẹ kó mọ ẹni tó sùn sínú rẹ̀. Jagunjagun ni. Wọ́n ní bí ó bá ń ti ojú ogun bọ̀, àwọn ọmọ ogun tó wà lẹ́yìn máa ń fi ewé gbá ilẹ̀ kí ọ̀tá má baà rí ipa ẹsẹ̀ wọn tọ̀. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ nígbà náà, ọ̀dàn sì ni ẹṣin ti ń yè. Nínú igbó ìhà gúúsù, eṣinṣin kan wà tó ń kó àrùn ràn wọ́n, wọn kì í pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí agbára Ọ̀yọ́ fi máa ń lọ sókè sódò nínú ọ̀dàn, tó sì máa ń kọsẹ̀ bó bá ti dé inú ẹgàn.

Ẹni tó kó wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé ni Aláàfin Abípa. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, oko wọn wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ padà sí ahoro? Nígbà tí ọba wá fẹ́ rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ wo ilẹ̀, àwọn ìjòyè gbìmọ̀. Oníkálukú mú èèyàn kan láti agboolé rẹ̀ tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀: ẹnì kan mú abuké, ẹlòmíràn mú àfín, àwọn mìíràn mú aràrá àti arọ. Wọ́n rán wọn ṣáájú lóru pé kí wọ́n lọ fara pamọ́ sórí òkè Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n máa hó bí iwin, kí wọ́n máa ké pé ilẹ̀ ti kún, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni máa dúró sí. Àwọn ìránṣẹ́ ọba gbọ́ ariwo, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọba fura. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, ọdẹ kì í sá fún iwin tó ń sín. Wọ́n kó gbogbo wọn wálé.

Ọba kò sọ nǹkan kan. Ó pe àwọn ìjòyè síbi ìpàdé, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi agbádá gbálẹ̀. Ọtí dé. Ẹni tó gbé ọtí bọ̀ ni abuké, ó gbé e síwájú ọ̀gá rẹ̀. Àfín tẹ̀ lé e, ó lọ síwájú ọ̀gá tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tán. Kò sí ẹni tó lè gbé ojú sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba M'órò, ọba tó mú iwin. Wọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé.

Ọ̀yọ́-Ilé yẹn náà ni òyìnbó ará Scotland kan, Hugh Clapperton, wọ̀ ní oṣù kìíní 1826, òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sójú ọ̀nà láti Badagry. Katunga ni wọ́n ń pe ìlú náà, orúkọ tí àwọn Haúsá fi ń pè é. Aláàfin Májòtú wà lórí oyè. Òyìnbó bi kábíyèsí pé ìyàwó mélòó ni wọ́n ní. Kábíyèsí ní àwọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á tò dé Ìjànná. Ẹ̀gbá-dò ni Ìjànná wà o, ìrìn ọjọ́ púpọ̀.

Ọjà méje ló kà nínú ìlú náà, tí wọ́n ń ná nírọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, ó sì to ohun tí wọ́n ń tà: iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òrí, ẹ̀gúsí, ewúrẹ́, adìyẹ. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ lónìí, Ọjà'ba ni yóò rò pé ó ń ṣàpèjúwe.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù ni eré tí Aláàfin ní kí wọ́n ṣe fún un ní oṣù kejì ọdún náà. Eégún apidán ni. Àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò, wọ́n ń fò wọ́n ń ṣubú. Èkejì, eégún kan di erè ńlá, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń la ẹnu bí ẹni pé yóò gbé ẹni tó ń lé e mì. Ìkẹta ni wọ́n wá fi àlejò ṣe. Àpò kan dúró láàárín agbo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, àwọn ènìyàn hó yèè. Nígbà tí àpò bọ́ tán, òyìnbó ló kù níbẹ̀: ó funfun bí ìda, ó rù kangẹ́, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áásà símú, ó ń tiro bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí láyé rẹ̀ tí wọ́n ní kó tẹ ilẹ̀ yìnyín. Àwọn tó jókòó ti Clapperton ń bi í léèrè pé ṣé ó jọ? Ó gbà pé ó jọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí a ní nípa eré alárìnjó, èyí wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ. Ìyẹn ni pé kí Hubert Ogunde tó gbé eré rìn káàkiri, àwọn ará Òkè-Ògùn ti ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀, òun náà sì gbà pé ó jọ.

Clapperton kú ní Sókótó ní 1827. Ìwé rẹ̀ jáde ní London ní 1829. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi sí pé àwọn ọmọ ogun tó tú Òwu pàgọ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di 1836 tàbí ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Àwọn kan sá lọ sí Kìṣí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, àwọn mìíràn sì ya wá sọ́dọ̀ wa níbí. Ìbà Olúyọ̀lé, tí Ọjà'ba ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀? Agbọ́nyín, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún. Ọ̀pọ̀ agboolé tó ní "ará Ọ̀yọ́" nínú oríkì, kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí a ń wọkọ̀ lọ lónìí ni wọ́n ń kì, èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún ni. Ẹni tó ń pe ibẹ̀ ní òpin ayé, ilé baba rẹ̀ ló ń tọ́ka sí.

Kí ló wà ní Ọ̀yọ́-Ilé báyìí? Ẹfọ̀n, ìgalà, ẹtu àti ọ̀bọ. Ìjọba ti fi ilẹ̀ náà ṣe igbó ìpamọ́ láti àwọn ọdún 1930, wọ́n sọ ọ́ di igbó ẹranko ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di Old Oyo National Park ní 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512, èyí tó lé díẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Ìpínlẹ̀ Èkó. Odi ìlú ṣì wà nínú rẹ̀, igi ti hù lé e. Àfọ́kù ìkòkò wà nílẹ̀ káàkiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un wálé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ọ̀nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ Ọ̀yọ́-Ilé gan-an ni ẹ fẹ́ rí, ẹ kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì Old Oyo National Park ní ìlú Ọ̀yọ́, kí wọ́n fún yín ní ẹni tó mọ ọ̀nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nítorí òjò máa ń gbé ọ̀nà inú igbó lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí ẹ sì gbé omi dání láti ilé. Ẹni tó ń ta piọ wọ́tà kò tíì dé ọjà Àkẹ̀sàn ti Ọ̀yọ́-Ilé.